Òpó Ń Pe Àpèkẹ́

Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí Ìbíyẹmí san ojú tán nígbà tó gbọ́ tí òpó ìta ń pe ìyá rẹ̀.

"Àpèkẹ́ o! Àpèkẹ́, ọmọ eléérú, ọmọ a-fi-dúdú-fọ-ni-mọ́! Wá, wá gbọ́ o, ọmọ mi."

Yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ ni Ìbíyẹmí jókòó sí, awò dì mọ́ ọn lójú pinpin. Kò rí ìsọ̀, kò rí ọṣẹ, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi eyín tuntun rẹ́rìn-ín ló ń rí, tó ń búra pé bí èèyàn fi eyín náà fọ́ egungun fún ogún ọdún, kò ní ká. Ìgbà mẹ́ta ló ti wo ọkùnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ojúde, ọjà orí ẹ̀rọ tó ni awò àti òpó gbogbo ìlú, wí: ìwọ tó o bá fẹ́ kí aráyé wo ọjà tìrẹ, kọ́kọ́ wo ọjà aráyé. Wákàtí méjì lójúmọ́, láìdijú, láìyọ awò. Bí o bá yọ ọ́ kó tó pé, gbogbo èyí tí o ti wò di òfo, ìsọ̀ rẹ á sì wọ kùrukùru.

"Ẹ́ẹ̀n, ìyá mi!" Màmá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé márùn-ún ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ṣe dáhùn. "Mo ń bọ̀ o!"

"Màmá, ẹ jókòó!" Ìbíyẹmí kígbe láti inú òkùnkùn awò. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń pè!"

Irọ́ gbáà ni. Màmá gan-an ni wọ́n ń pè.

Ó gbọ́ ìró àpótí ìjókòó tó yí dànù. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lásán, pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ awò, ó fà á díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn tútù kan sọ fún un létí pé, "Ṣé ẹ fẹ́ dáwọ́ dúró? Ìsọ̀ yín á kúrò lójú èèyàn títí di ọ̀la." Ìkòkò ọṣẹ méjì wà lórí iná lẹ́yìnkùlé. Obìnrin méjì ń rò wọ́n, àwọn méjèèjì ló lọ́mọ nílé. Màmá kì í sì í kọjá òpó iwájú ìsọ̀. Wọ́n á dúró sí ìdí rẹ̀, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á padà wọlé. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ìbíyẹmí dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kò wọ kùrukùru rí ló lẹ́nu àti dá a lẹ́bi. Ìyá Sàfúrá eléèédú tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tirẹ̀ kò san ojú mọ́ láti ọdún kan ààbọ̀, torí ojú ń dun ìyá náà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá gbé awò sójú, ògiri funfun ni wọ́n ń rí níbi tó jókòó sí. Èèdú wà níbẹ̀, Ìyá Sàfúrá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó fi ẹnu yẹn kiri ọjà, àgọ́ ọlọ́pàá ló sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Òfin ti gba ìpolówó kúrò lẹ́nu èèyàn. Báyìí, ó kàn ń jókòó ni. Àwọn èèyàn á fi orúnkún gbá àpò èèdú rẹ̀, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ o" fún ògiri, wọ́n á kọjá lọ.

Ó kù díẹ̀ kí ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ náà dà bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìbíyẹmí ń san ojú dáadáa, kò pa ọjọ́ kan jẹ, ṣùgbọ́n ìpè rẹ̀, ìpolówó tí òpó ń bá a ké, kò mú ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ dúdú gidi, eérú èèpo kòkó àti àdín: ọlọ́ṣẹ wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Gbádébọ̀ apolówó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá àwọn onísọ̀ kéékèèké tọ́jú ìpè wọn lÓjúde, ló là á yé e.

"Àǹtí, ìpè yín kò lẹ́jẹ̀ lára," ó ní. "Ẹ̀rọ ti gbọ́ irú ẹ̀ títí, ó ti sú u. Ṣé ẹ ò ní ohùn kan nílé? Ohùn àgbà, èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì?"

Ó ní ọ̀kan. Fóònù àtijọ́ kan wà nínú àpótí Màmá, ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Inú rẹ̀ ni ohùn Ìyá Àgbà wà, ìyá tó bí Màmá, tó ti kú láti ogójì ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, tí Ìyá Àgbà ń fi oríkì jí Màmá, tí ìkòkò ọṣẹ ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ péré. Gbogbo ohun tó kù nínú Ìyá Àgbà láyé nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí oríkì ń ṣe? Kí ara máa ro ẹ́, kí ayé máa ni ẹ́ lára, kí ìyá ẹ sì pè ẹ́ lóríkì láàárọ̀, orí ẹ á wú. Ohun tí Ìbíyẹmí rò kò ju ìyẹn lọ: kí orí àwọn oníbàárà wú díẹ̀, kí wọ́n ra ọṣẹ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ oríkì, wọn kì bá tí ronú kàn án. Ọmọ ilé ló gbé e fún wọn.

Gbádébọ̀ ṣe ìpè méjì, ó ní kí wọ́n jọ sáré. Àwòrán ọṣẹ àti ìfóòfó wà nínú ọ̀kan, ohùn Ìyá Àgbà wà nínú èkejì. Kí ọjọ́ kan tó pé, èkejì ti fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló yan àwọn tí yóò máa pè: àwọn obìnrin tí ìyá wọn ti kú. Òpó mọ ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó sì mọ orúkọ wọn. Á yọ Àpèkẹ́ kúrò, á fi orúkọ ẹni náà rọ́pò rẹ̀, á fi ohùn Ìyá Àgbà pè é wá wẹ̀. Àwọn obìnrin ń dúró lójú títì láàárín Ìwó, omijé ń dà lójú wọn, wọ́n sì ń wọlé wá ra ọṣẹ mẹ́ta mẹ́rin. Ìbíyẹmí jó lọ́jọ́ yẹn. Ó gbá Gbádébọ̀ mọ́ra.

Kò sẹ́ni tó rántí pé ìyá Màmá náà ti kú.

Ọdún mẹ́ta ni àìsàn ìgbàgbé ti wà lára Màmá. Kò dá Ìbíyẹmí mọ̀ mọ́, "obìnrin yìí" ló ń pè é. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní kí obìnrin yìí bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òpó pe Àpèkẹ́, ó dìde fùú, ó jẹ́. Ẹ̀rọ kò sì ní ọgbọ́n méjì: ẹni tó bá jẹ́ ni kí a tún pè, ẹni tó bá tún jẹ́, kí a má fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ìpè náà tó Màmá. Ìyá kan náà yìí o, tó máa ń fi ọmọ orógùn lé Ìbíyẹmí ní kékeré, pé bí wọ́n bá pè ẹ́ tí o ò rí ẹni tó pè ẹ́, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Àìsàn ti gba ọgbọ́n yẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Awò tú. "Ẹ ṣeun, a ti rí ojú yín gbà," ohùn tútù náà ní. Ìbíyẹmí ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán, ó fi awò kọ́ ọrùn.

Ìdí òpó iwájú ìsọ̀ ṣófo.

"Ìyá Sàfúrá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí Màmá?"

Ìyá Sàfúrá gbé ojú pupa sókè láàárín àpò èèdú rẹ̀. "Mo rí wọn. Mo pè ẹ́ títí, o ò dáhùn."

"Mo ń san ojú ni, mà."

"Mo mọ̀." Ó pòṣé, kì í ṣe sí Ìbíyẹmí. "Òpó yìí pè wọ́n, wọ́n lọ. Wọ́n dé ìdí rẹ̀ tán, eléyìí tó wà lọ́hùn-ún tún pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń tọ òpó lẹ́yìn nìyẹn, bí adìyẹ tí wọ́n ń da àgbàdo fún. Ọ̀nà odò ni wọ́n gbà lọ."

"Ẹ ò wá dá wọn dúró?"

"Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi sá tẹ̀ lé wọn, Ìbíyẹmí? Sáré, jàre!"

Ó sáré. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, títì sì kún fún èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kan. Oníkálukú ń wo ohun tí awò ń fi hàn án, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́, wọ́n ń mi orí sí afẹ́fẹ́. Ìbíyẹmí di ọkùnrin kan lápá mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ rí ìyá arúgbó kan? Ìró aró, ẹsẹ̀ lásán?"

"Mi ò rà," ọkùnrin náà ní, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó rò pé ìpè ni Ìbíyẹmí náà.

Ó bi ẹlòmíì. "Mo ti ní," ìyẹn dáhùn. Ó bi obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, obìnrin náà dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, ó wá ní, "Ohun tí ẹ ń tà gan-an kò yé mi." Ni Ìbíyẹmí bá fi wọ́n sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó bó ṣe ń sáré kọjá wọn. Òpó kẹjọ, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó tó ojú ìka lórí sìmẹ́ǹtì. Òpó kọkànlá, ó rí gèlè Màmá nílẹ̀. Ó mú un, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń sọ lóhùn rara pé, "Ọlọ́run, má jẹ́ ó dé inú omi. Ọlọ́run, mo bẹ̀ ọ́."

Òpó kẹẹ̀ẹ́dógún ló kẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ afárá odò Ọbà ló wà. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ sínú oòrùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

"Ìyá mi, oòrùn mú mi o," ó ń bá òpó sọ.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," òpó dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn Ìyá Àgbà. "Ṣé o ti wẹ̀ lónìí? Ọṣẹ dúdú ilé wa máa ń tu ni lára."

"Mi ò tíì wẹ̀."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ nílé, Àpèkẹ́? Ṣé o bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan." Màmá rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ni. Àwẹ̀ró mi. Àwẹ̀ró tí mo fi ọṣẹ àkọ́sè wẹ̀, tó la ojú, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Tí ìfóòfó bá wọ ọ́ lójú, kì í ké."

"Àwẹ̀ró," òpó ní. "Orúkọ tó dára. Sọ díẹ̀ sí i fún mi."

Ìbíyẹmí gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ló fi ń bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ yẹn. Ó ti fi àwòrán bẹ̀ ẹ́, ó ti fi orin bẹ̀ ẹ́, ó ti jókòó ti ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ mélòó kan tó ń sọ pé, "Màmá, kí lẹ máa ń pè mí? Ẹ gbìyànjú ẹ rántí, àní lẹ́ẹ̀kan." Màmá á wò ó bí ẹní wo àlejò tó béèrè ohun tí kò tọ́. Ó ti gbà pé orúkọ náà ti kú sínú Màmá. Àṣé ó wà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa béèrè pẹ̀lú ohùn tó yẹ.

Ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀. "Màmá, èmi nìyí. Èmi ni Àwẹ̀ró."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ kọ́. Àwẹ̀ró mi kéré."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ilé, Màmá. Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Mi ò lọ. Ṣé o ò rí i pé mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Kí ni ó kù tí Ìbíyẹmí fẹ́ ṣe? Ó ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àpèkẹ́, ọmọ eléérú, ọmọ a-fi-dúdú-fọ-ni-mọ́. Ọmọ ọlọ́ṣẹ tí í hó yaya bí ẹmu àárọ̀..."

"Ẹ dákẹ́ ná," òpó ní. Kì í ṣe ohùn Ìyá Àgbà mọ́, ohùn tútù yẹn ni. "Ìpè yìí wà nínú ìwé Ojúde. A kì í fi ẹnu pè é níta gbangba."

"Èmi ni mo ni ín! Ìyá mi rèé! Èmi ni mo fún yín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun."

Ìbíyẹmí kò dákẹ́. Ó gbóhùn sókè, ó ń kì ìyá rẹ̀ lọ, títí tí Màmá fi gbé ọwọ́ sókè tó fi bò ó lẹ́nu. Ìbínú wà lójú rẹ̀.

"Dákẹ́!" Màmá ní. "Obìnrin yìí, kí ni mo ṣe ẹ́ tó o fi ń sín ìyá mi jẹ?"

Ìbíyẹmí dákẹ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó gbé awò wọ̀, ó sì pe Gbádébọ̀. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ sórí omi odò, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu.

"Gbádébọ̀, pa ìpè yẹn. Pa á nísinsìnyí."

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un. Gbádébọ̀ kò jẹ nǹkan tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Yéè. Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni." Ó nu ẹnu. "Mo lè jáwọ́ nínú ẹ̀ fún yín. Àmọ́ kò ní kú. Ìpè tó bá ń mú èèyàn tó báyìí kì í kú lÓjúde. Bí ẹ bá ti fi sílẹ̀, ẹni tó tò sẹ́yìn yín ló máa gbé e. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, àwọn mẹ́rin ló ti tò. Ọ̀kan ń ta bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó wà níwájú wọn, ilẹ̀ ìsìnkú ló ń tà."

"Ohùn ìyá ìyá mi? Kó máa pe èèyàn wá ra ibojì?"

"Ẹ ti fọwọ́ sí i, àǹtí. Èmi ni mo ka ìwé náà sí yín létí." Ó gbé ojú kúrò lára Ìbíyẹmí. "Mo kà á kíákíá."

Ìbíyẹmí fẹ́ ṣépè fún un. Èpè ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tí òun gbá ọmọ náà mọ́ra, ó gbé e mì. "Ó dáa. Má pa á. Yọ Màmá nìkan kúrò. Kí wọ́n máa pe gbogbo ayé lọ, kí wọ́n ṣáà má pe Màmá."

"Ìyẹn ṣeé ṣe!" Gbádébọ̀ tẹ̀ síwájú, ara rẹ̀ yá gágá. "Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n ń pè ló gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Òpó á bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n á ní rárá, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń béèrè o. Ẹ ò sì gbọdọ̀ bá wọn sọ ọ́, tó bá gbọ́ ohùn yín, ó bàjẹ́. Ṣé kí n ní kó béèrè?"

"Dúró ná."

Ó yíjú sí Màmá. Ó yọ gèlè Màmá láti àyà rẹ̀, ó fi í nu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, títí tí ojú Màmá fi rọ̀. "Màmá, wọ́n fẹ́ bi yín ní nǹkan. Tí wọ́n bá ti bi yín, ẹ ní 'rárá'. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Rárá," Màmá ní.

"Ẹ tún un sọ."

"Rárá, rárá, rárá." Màmá rẹ́rìn-ín. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé mo gbà á?"

"Ẹ gbà á, Màmá. Ẹ gbà á dáadáa." Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀. Ó rò ó pé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn á ti délé, òun á bu omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ yìí, òun á se ẹ̀kọ. "Gbádébọ̀, ní kó béèrè."

Òpó sọ̀rọ̀, ohùn Ìyá Àgbà ló sì fi sọ ọ́.

"Àpèkẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ṣì ń fẹ́ kí n máa pè ẹ́?"

Màmá la ẹnu. "Rá..." ó ní. Ó dúró. Ó yí ojú sókè sí òpó. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má bàa jáde.

"Ìyá mi, kí lẹ ń sọ yìí?" Màmá ní. "Kí ni mo ṣe? Ta ni mo ní lẹ́yìn yín? Ẹ máa pè mí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà ilé?"

"A ti gbọ́ yín," ohùn tútù náà ní. "A ó tún bi yín ní ọdún tó ń bọ̀."

Ojú Gbádébọ̀ ṣì wà lórí omi. "Àǹtí," ó ní, "ohùn tí ìpè bá ní ni wọ́n fi ń béèrè. Mi ò rántí. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí." Ìbíyẹmí yọ awò, ojú náà sì lọ.

Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó fi apá kan ìró náà pọn ìyá rẹ̀. Màmá kò wúwo rárá, ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún. Òpó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín odò àti ilé. Gbogbo wọn ló pe Àpèkẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kọjá. Gbogbo wọn ni Màmá sì jẹ́, lẹ́yìn Ìbíyẹmí, létí rẹ̀ gan-an. "Ẹ́ẹ̀n, ìyá mi. Mo ń bọ̀ o. Obìnrin kan ló gbé mi."

Àwọn èèyàn yà fún wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀kan tiẹ̀ yìn wọ́n. Ó ní ìpè tòní dùn-ún wò.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọ̀sán ṣe pọ́n, Ìbíyẹmí tún jókòó sórí àga. Ó ti rò ó títí, kò rí ibi tó máa yà sí. Bí ó bá fi ìpè náà sílẹ̀, oníbojì á gbé e, ohùn Ìyá Àgbà á máa pe Màmá lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú. Bí kò bá san ojú, ìsọ̀ á wọ kùrukùru, oníbojì náà á sì tún gbé e. Ó kúkú sàn kí ó máa pe èèyàn wá wẹ̀. Ó mú ọ̀já kan láti inú àpótí, ọ̀já àtijọ́ tí Màmá fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó so orí kan mọ́ ọrùn ọwọ́ Màmá, ó so orí kejì mọ́ tirẹ̀, ó ta á ní kókó mẹ́ta.

"Kí lo ń fi ọ̀já ṣe, obìnrin yìí?" Màmá bi í.

"Kí a má bàa sọ ara wa nù ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá ní.

Ó gbé awò sójú. Ìsọ̀ lọ, Màmá lọ. Ọkùnrin eléyín yọ, ó rẹ́rìn-ín. Níta, òpó pe Àpèkẹ́, ọ̀já fà, Ìbíyẹmí náà rọra fà á padà. Ó tún pè, ọ̀já tún fà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún bí wákàtí kan.

Ọkùnrin eléyín ṣàdédé kúrò níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú awò ṣókùnkùn. Ìbíyẹmí rò pé awò ti bàjẹ́ ni. Ó wá gbọ́ ìró ìkòkò ọṣẹ tó ń hó lórí iná, àti ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tó mọ́, tó lágbára, ohùn Màmá kí àìsàn tó dé.

"Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró mi, tí mo fi ọṣẹ àkọ́sè wẹ̀, tó la ojú, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Wá, wá gbọ́ o."

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ta ló mọ̀ ọ́n tó o? Ó mọ òpó tó gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá lánàá, ó mọ ìdí tó fi béèrè. Àwọn tí ìyá wọn ti kú nìkan ni ìpè yìí ń pè, Màmá sì wà láàyè, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó ń mí. Ẹ̀rọ ti wo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sọ́tùn-ún sósì, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ òrukàn. Bí ó bá dákẹ́, á fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́, wọn kì í pè é pẹ́. Ìbíyẹmí fi eyín di ètè rẹ̀ mú títí tó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀já fà, kò fà á padà.

"Àwẹ̀ró," Màmá pè láti inú òkùnkùn, "ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Ẹ́ẹ̀n, Màmá mi," Ìbíyẹmí ní. "Mo ń bọ̀ o."